Ọlọ́run Orí Òkè, Ọlọ́run Etí Ọ̀sà

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí ogún, àwọn ìgbìmọ̀ ọba Síríà gba ọba wọn ní ìmọ̀ràn kan tí mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ wa bá ń múra àtilọ sórí òkè. Ogun ti ṣẹ́ Benhadadi, ọba náà, ní Samáríà. Àwọn ìgbìmọ̀ náà rò ó títí, wọ́n ní ohun tó fà á kò ju pé òrìṣà orí òkè ni Ọlọ́run àwọn ará Ísírẹ́lì. Kí ọba kó ogun mìíràn jọ, kó wá jà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ibi tí apá Ọlọ́run náà kò ní í ká. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n lọ jà ní Áfékì, pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ni ogun sì ti run wọ́n. Ìwé náà kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí gan-an ni Ọlọ́run ṣe fi wọ́n lé Áhábù, ọba Ísírẹ́lì, lọ́wọ́. A sì mọ̀ pé Áhábù kì í ṣe ẹni rere. Ọ̀rọ̀ náà ló dun Ọlọ́run, pé ẹ̀dá kan lè pín ayé sí méjì, kó ní apá kan jẹ́ ti Ọlọ́run, apá kejì kò kàn án.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Ìkòròdú ni ilé ọkọ mi. Ọ̀sà kan náà ló wà létí ìlú méjèèjì. Níbi tí mo gbé dàgbà, kò sí àpáta, kò sí òkè kan tí ọmọdé lè gùn títí tí èémí rẹ̀ yóò fi máa já. Ohun tí a mọ̀ ni omi, ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ ojú omi, àti òórùn ẹja yíyan tó máa ń bá ènìyàn wọ inú ilé. Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run orí òkè ni Ọlọ́run, a jẹ́ pé àwa tí a bí sétí omi ti jìnnà sí i láti inú oyún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Síríà kì í fi í jẹ́ ìtàn ayé àtijọ́ létí mi.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti ìjọ wa ní Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ fẹnu kò pé a ó jọ lọ gbàdúrà lórí òkè. Èmi ni akọ̀wé. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ọ̀nà. Ọkọ̀ Ìkòròdú yóò gba Ṣàgámù yọ sí ọ̀nà márosẹ̀. Ti Ẹ̀pẹ́ yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde wá bá wa níbẹ̀. A ó kọjá Ìbàdàn, a ó dé Gbọ̀ngán. Gbọ̀ngán yìí ni ọ̀nà ti pín, ibẹ̀ náà sì ni ìpàdé wa ti pín. Àwọn àgbà ní kí a yà sọ́nà Òdè-Òmù, kí a lọ sí Òkè Bàbá Abíyè ní Ẹdẹ, níbi tí Wòlíì Samson Akande ti gbàdúrà fún ọ̀pọ̀ ìyá tí ń wá ọmọ. Àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó bẹ́ẹ̀ ní kí a tẹ̀síwájú, kí a gba Ifẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òkè kan wà níbẹ̀ tó ga fíofío, tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí oòrùn tó mú.

Ìyẹn kò burú. Ohun tó burú ni ìdí tí arábìnrin kan sọ. Ó ní òkè tó bá ga jù ni àdúrà ti ń yára gbà, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ Ọlọ́run jù. Ó ní kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá gbé e máa gbàdúrà nílé, Ọlọ́run yóò ṣàánú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja wà níbi ìjókòó náà. Wọ́n ti pẹ́ nídìí ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọmọge. Ìdúró ọjà, ẹrù orí, àti òwúrọ̀ inú omi ti jẹ orúnkún wọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, wọn ò fèsì. Wọ́n kàn ká owó tí wọ́n ti mú dání láti san, wọ́n dá a padà sínú ìlàbàrù. Èmi tí mo ń kọ orúkọ rí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, pé ṣé òótọ́ ni ohun tí arábìnrin wa sọ. Tó bá jẹ́ òótọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, à fi kí Ìyá Ẹlẹ́ja gba kádàrá. Tí kì í bá ṣe òótọ́, kí la wá ń háyà ọkọ̀ sí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gíga. Ohun tí gíga ń ṣe tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ ni pé ó ń mú kí atẹ́gùn tutù. Bí ènìyàn bá gòkè tó 1,000 mítà, ooru yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì mẹ́fà àti ààbọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà láyé àtijọ́ fi máa ń sá fún ooru lọ sí Shimla, ìlú kan ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Himálàyà, tó ga tó nǹkan bíi 2,200 mítà. Láti 1864, ibẹ̀ ni wọ́n sọ di olú-ìlú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dọọdún, gbogbo ìjọba yóò kó ìwé rẹ̀ gòkè, yóò tún kó o sọ̀ nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan tó kàwé ní Íńdíà ti dé ibẹ̀ rí. Ó ní títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń fi owó pa mọ́, tí wọ́n ń ṣètò bí wọ́n yóò ṣe kó ọmọ lọ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lọ fẹ́ atẹ́gùn, kí wọ́n rí yìnyín. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ara tó ti ṣiṣẹ́ yẹ kó sinmi. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù ni wọ́n lọ fẹ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn òkè ìhà yẹn kan náà, lápá ilẹ̀ Tibet, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Kailash. Ó ga ní 6,638 mítà. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà á sí mímọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kà á sí mímọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Jain àti Bon náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ yóò múra fún òtútù, fún èémí tí kì í tó, àti fún ọ̀nà jíjìn. Tó bá dé ibẹ̀ tán, kò ní gùn ún. Yíyí ni wọ́n ń yí òkè náà po, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 52. Orí òkè náà, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Àwọn tó ń gbé ní ìdí àwọn òkè tó ga jù láyé kò sọ pé ẹni tó bá dé ṣóńṣó ló sún mọ́ Ọlọ́run jù. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn, wọ́n sì gbà pé àwọn ti dé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ ní Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, bí baba wa ti jẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí. Wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ dé Árífà, ṣé ẹ gun òkè ibẹ̀?" Wọ́n ní òkè wà níbẹ̀ lóòótọ́, òkè Àánú, kò tilẹ̀ ga púpọ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń rọ́ lọ sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni hájì wà. Gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Árífà ni ibi ìdúró, Ànábì fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú àgọ́ rẹ̀, láàárín ààlà Árífà, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù hájì, ó ti ṣe é. Mo tún béèrè nípa ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e. Wọ́n ní ẹni tó bá lágbára ni hájì di dandan fún. Ẹni tó lówó ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ lè rán ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún ṣe é lórúkọ rẹ̀, bádálì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ẹni tó ń pe ènìyàn wá sílé rẹ̀ kò mọ̀ pé arọ wà lára àwọn tí òun ń pè ni?"

Mo dákẹ́. Èsì náà tó mi.

Tí mo bá sì padà sí ìtàn tiwa, àwa Aládùúrà, kò jìnnà sí èyí. Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ yóò gbà kọjá, ni ọ̀kan nínú orísun wa. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's níbẹ̀ kóra jọ láti gbàdúrà. Joseph Shadare tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà wà lára wọn. Sophia Odunlami, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Àárín ìlú ni wọ́n wà, nínú ilé tí òkú ti ń jáde. Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà, awakọ̀ katakata tí ń tẹ ọ̀nà ni, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́. Lójú ọ̀nà, níbi tí katakata náà ti kọ̀ tí kò lọ mọ́, ni ìpè ti bá a ní 1928. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà, tí àwọn ènìyàn ń gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ orí òkè gẹ́gẹ́ bí ibi àdúrà wa. Ojú ọ̀nà ló ṣáájú, ibi iṣẹ́ ló ṣáájú.

Nítorí náà, mo gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run kò sún mọ́ orí òkè Ìjẹ̀ṣà ju bó ṣe sún mọ́ ọjà Olúwo lọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ lọ gidigidi, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ayé obìnrin ní Ìkòròdú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìró ẹ̀rọ amúnáwá ti gba àdúgbò. Gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti mọ́sáláṣí kan ń dá ara wọn lóhùn, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó ń gbọ́ ẹni. Ọmọ ń ké, ọmọ ọmọ ń béèrè owó ọkọ̀, fóònù ń dún, iná kò sí, omi kò yọ. Bí ìyá bá kúnlẹ̀, ọwọ́ kan rẹ̀ wà nínú àdúrà, ọwọ́ kejì wà lórí ìkòkò. Ó lè gbàdúrà báyìí fún ogún ọdún, Ọlọ́run yóò sì gbọ́ ọ. Ohun tí kò ní í rí ṣe ni kí òun náà gbọ́ Ọlọ́run. Èmi tí mo ti lọ sórí òkè rí mọ ohun tí ó ń ṣe fún mi. Bí a bá ti ń gòkè, ẹnu a kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí èémí kò tó láti fi sọ̀rọ̀ àti láti fi rìn. Àwọn àdúrà gígùn tí mo tò sílẹ̀ láti ilé, tí mo kọ sínú ìwé, a máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí n bá fi máa dé ibi tí òkè ti tẹ́, ẹyọ gbólóhùn kan tàbí méjì ló kù, àwọn yẹn ni ó sì máa ń jẹ́ òótọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń pè mí. Òkùnkùn a bò wá, òtútù a mú wa, mo máa ń mọ̀ lára mi pé mo kéré. Ọlọ́run kò nílò ìyẹn lọ́wọ́ mi kó tó gbọ́. Èmi ni mo nílò rẹ̀ kí n tó lè dákẹ́.

Mo ro pé ibi tí arábìnrin wa ti ṣì í nìyí. Iṣẹ́ tí òkè ń ṣe lára wa, ó gbé e lé Ọlọ́run lórí. Òkè ń dẹ ọkàn líle ènìyàn. Arábìnrin wa rò pé Ọlọ́run ló ń dẹ̀. Ẹni tí ìgbésí ayé ti dẹ ọkàn rẹ̀ láìgun òkè kankan ńkọ́? Ìyá Ẹlẹ́ja ti sin ọmọ, wọ́n ti sin ọkọ, wọ́n ti wà lórí omi nígbà tí ìjì dé. Àdúrà wọn kì í ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ibi mímọ́ máa ń ní ààlà. Ní Ìkòròdú, tí Orò bá ń jáde, àwa obìnrin a ti ilẹ̀kùn wa, a ó jókòó sínú ilé títí yóò fi kọjá. Ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń lọ bẹ ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ wò, èèwọ̀ wà fún obìnrin níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n ní ó sinmi síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe Erédò, yàrà àti ògiri erùpẹ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ, tó sì gba ẹ̀yìn Ẹ̀pẹ́ kọjá. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri, ó tó mítà 20 ní ibòmíràn. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo máa ń kó wọn lọ wò ó, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ti fi ọwọ́ ara wọn mọ òkè rí. Ààlà ni wọ́n mọ ọ́n fún, láti mọ ẹni tó wà nínú àti ẹni tó wà lóde. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ààlà tí mo bá nílé ayé. Èyí tí n kò ní í gbà ni kí àwa ìyá, tí a ti mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, tún fi orúnkún mọ ààlà láàárín ara wa.

Ìwé Ẹ́kísódù ló ràn mí lọ́wọ́ láti rí ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí Ísírẹ́lì ń bá Ámálẹ́kì jà ní Réfídímù, Mósè wà lórí òkè, Jóṣúà wà ní àfonífojì. Bí Mósè bá gbé ọwọ́ sókè, Ísírẹ́lì a borí. Bí ọwọ́ bá wálẹ̀, Ámálẹ́kì a borí. A máa ń fi èyí wàásù agbára òkè. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àgbàlagbà tí ó ti rẹ̀ ni Mósè níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n gbé fún un kó fi jókòó, Áárónì àti Húrì ni wọ́n dì í lọ́wọ́ mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Ẹni tó lókun nínú wọn, Jóṣúà, ìsàlẹ̀ ló wà. Iṣẹ́ kan náà ni orí òkè àti ìsàlẹ̀ jọ ń ṣe, a kò sì pín èrè wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo ti kọ àbá mi sílẹ̀ fún ìpàdé. Kí a lọ sí òkè Ìjẹ̀ṣà tí àwọn àbúrò wa fẹ́, nítorí gígùn náà dára fún ẹni tó bá lè gùn ún, n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ òkè ni ìsìn yóò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa pátá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Kí a kó ẹní, àga tó ṣeé ká, agbòòrùn àti ìgò omi gbígbóná dání fún àwọn tí yóò jókòó síbẹ̀. Kí àwọn tó lókun máa pààrọ̀ ara wọn láti dúró tì wọ́n, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo la ó fi ṣọ́ ẹrù. Wákàtí tí wọ́n bá fi ń gbàdúrà lókè ni kí àwọn ti ìsàlẹ̀ náà fi máa gbàdúrà. Bí wọ́n bá dé òkè, orúkọ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Owó ọkọ̀ kan náà ni kí gbogbo wa san.

Arábìnrin wa ka àbá náà. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé àwọn tó bá dúró nísàlẹ̀ yóò pàdánù ohun tí àwọn ti òkè bá rí. Mo rán an létí òkè tí Jésù mú ọmọ ẹ̀yìn mẹ́ta lọ. Àwọn mẹ́ta yẹn rí ògo, wọ́n tilẹ̀ ti sùn kí wọ́n tó rí i, Pétérù sì ní kí àwọn pa àgọ́ síbẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù wà nísàlẹ̀, àwọn ni baba ọmọ tó ń ṣàìsàn wá bá. Ìsàlẹ̀ náà ni Jésù sọ̀ kalẹ̀ wá nígbà tó parí ní òkè, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti rí ìwòsàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun yóò rò ó. Ọmọlúàbí ni, mo mọ̀ pé yóò rò ó lóòótọ́.

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja ní ìdí ìsọ̀ wọn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń to ẹja yíyan sínú agbọ̀n, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ máa gùn ún lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáà má fi mí sílẹ̀ sílé." Wọ́n wá ju ọwọ́ sínú ìlàbàrù, wọ́n ka owó náà lé mi lọ́wọ́. Mo ti kọ orúkọ wọn. Ìdìbò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti pé bóyá Ẹdẹ ni àwọn ènìyàn mú o, bóyá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ti ní olówó.